Ìró Abẹ́ Ilé Kapsun

Inú ìkòkò ni Kapsun ti orí bọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Yìnyín ti yọ́ tán ní Saemgol, àwọn àgbẹ̀ ti ń da omi sí oko ìrẹsì, ìkòkò ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn lẹ́yìnkùlé, èyí tí wọ́n kó kímchì sí, ewé oníyọ̀ àti ata tí wọ́n ń jẹ nígbà òtútù, sì ti ṣófo. Obìnrin tó bá ro ti imú aládùúgbò rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi ìdí ìkòkò náà pẹ́ kó tó gbọ́n ọn dànù. Kapsun fàyà lélẹ̀, ó ti orí àti apá kan bọ inú ìkòkò, ó ń fi kànrìnkàn ha á. Nígbà tó dáwọ́ dúró kó lè mí, ó gbọ́ ọ. Kù. Ó dákẹ́. Kù. Ó tún dákẹ́. Kù.

Kì í ṣe ìró ìbọn. Ìbọn ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni lábúlé yẹn. Ọmọ ọwọ́ wọn gan-an lè sùn fọnfọn nígbà tí àwọn sójà bá ń yìnbọn dánra wò lórí òkè. Ìsàlẹ̀ ni èyí ti ń wá. Ó ń kàn, ó ń sinmi, ó tún ń kàn, bíi ti ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ tí kò sì kánjú.

Kapsun yọ orí. Ó gbé ọmọrí lé ìkòkò, ó gbé òkúta lé ọmọrí, òun fúnra rẹ̀ wá jókòó lé òkúta. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí kò wúwo ju àpò ìrẹsì kan lọ, ló ń fi ìdí tẹ ilẹ̀ kí ohun tó wà nísàlẹ̀ má bàa jáde. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ̀yìn géètì àwọn sójà ni Saemgol wà, lẹ́bàá wáyà tó pín ilẹ̀ Kòríà sí méjì. Ní òdìkejì wáyà ni àwọn ará àríwá wà, àwọn yẹn sì ti gbẹ́ ihò gba abẹ́ rẹ̀ wá rí, ihò tí ọmọ ogun lè gbà sáré kọjá. Àwọn sójà gúúsù rí mélòó kan nínú wọn. Ìyókù, kò sẹ́ni tó mọ iye tí wọ́n jẹ́. Látìgbà náà ni òfin kan ti wà tí gbogbo ẹnu mọ̀: o gbọ́ ìró lábẹ́ ilẹ̀, o sáré lọ sọ ní géètì. Ẹni tó bá sọ á gbayì. Ẹni tó bá gbọ́ tó dákẹ́, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀.

Kapsun gbọ́, ó dákẹ́. Ohun tó mú un dákẹ́ ni bàbá rẹ̀.

Seok Manbok ni bàbá náà ń jẹ́. Nígbà tí ogun dé, Kapsun ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ohun tó sì rántí nípa bàbá kò kún ọwọ́: òórùn tábà, ẹ̀yìn fífẹ̀ tó fi ń pọ̀n ọ́n, àti bàtà. Bàtà rọ́bà funfun ni, tó rà fún un lọ́jà ìlú pé kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún ìkórè. Ó fi í pamọ́ kí ọmọ má bàa wọ̀ ọ́ gbó kí ọdún tó dé. Ọdún ò tí ì dé tí ọta fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lu abúlé. Ìyá pọn ọmọ ọwọ́, ó fa Kapsun dání, bàbá ru ẹrù, wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọn ò tí ì rìn jìnnà tí Kapsun fi rántí bàtà rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ó fi igbe ta, ó ní òun ò lọ mọ́. Ìyá lù ú. Kò dìde. Bàbá wá sọ ẹrù kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Màá bá yín lórí afárá."

Wọ́n dúró lórí afárá títí àwọn sójà fi lé wọn kúrò níbẹ̀. Bàbá ò dé. Ọmọ ọwọ́ náà ò la ogun yẹn já.

Nígbà tí ogun rọlẹ̀, ẹnìkan ní òun rí Manbok tó ń bá àwọn ọmọ ogun àríwá lọ bí wọ́n ṣe ń sá padà. Ta ni ẹni náà? Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè nàka sí i. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Látọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ìdílé ẹni tó lọ sí àríwá. Ọlọ́pàá ń yà wò wọ́n bí ẹni ń yà wo ẹran tó fura sí pé ó ní àrùn. Àwọn ọmọ iléèwé ń pe Kapsun ní ọmọ pupa, torí pupa ni wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti ń bá àwọn ará ọ̀hún ṣe. Ìyá kọ́kọ́ ń jà fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìyà pọ̀, ó yí ohùn padà. "Bàtà ẹ ló fi ṣe àwáwí," ló máa ń wí nígbàkigbà tí oúnjẹ bá tán nílé. "Ó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo fún un láyè." Ó ń wí i títí tó fi kú. Ẹ ò rí i pé kò dáa kí wọ́n máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́mọ létí.

Nígbà tí ìjọba ṣí ilẹ̀ Saemgol fún ẹni tó bá láyà láti lọ dáko níbẹ̀, Kapsun àti ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Abúlé tí wọ́n bí i sí ni, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan tó lè tọ́ka sí pé ibí ni. Ọta ti wó gbogbo ilé, katapílà àwọn sójà sì ti tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ nígbà tí wọ́n ń yọ bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ọn. Wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn, wọ́n kọ́lé síbi tó bọ́ sí. Ibẹ̀ ló ti bí Dongha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló ti sin ọkọ.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn ará àríwá a máa fi gbohùngbohùn ńlá sọ̀rọ̀ kọjá wáyà nírọ̀lẹ́. Nígbà míì wọ́n á fi ẹnìkan tó ti lọ bá wọn sídìí rẹ̀, á máa pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lórúkọ pé kí wọ́n máa bọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni Kapsun ń tẹ́tí sí i. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á pé òun á gbọ́ ọ, pé gbogbo abúlé á gbọ́ orúkọ òun láti ẹnu ọ̀tá.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ihò jáde ńkọ́? Bunrye, aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bó bá tiẹ̀ ń jẹun, pariwo láàárín àwọn obìnrin tó ń gbin ìrẹsì:

"Ìyá Dongha, tí bàbá ẹ bá yọ lábẹ́ ibùsùn ẹ, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n nu ẹsẹ̀ kí wọ́n tó wọlé o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kapsun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, ó fa ibùsùn rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn, ibẹ̀ ló sì ń sùn látìgbà náà. Ọ̀rọ̀ àwàdà yẹn ló gbé wọlé tí kò rí gbé jáde mọ́: bàbá òun mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ ihò wá sí Saemgol, ta ni wọ́n á fi ṣe atọ́nà bí kò ṣe ọmọ Saemgol? Lọ́jọ́ tí ihò náà bá yọ, ilé òun ló máa yọ sí, wọ́n á sì ní òun ló ṣílẹ̀kùn. Dongha ti jìyà orúkọ yẹn rí. Ó fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, wọ́n wádìí, wọ́n kan orúkọ bàbá ìyá rẹ̀, wọ́n dá a padà. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Busan létí òkun, ó sì máa ń pẹ́ kó tó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó lé ìkòkò lójoojúmọ́. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan á ṣí i, á ti orí bọ̀ ọ́, á gbọ́ ọ. Kù. Kù. Ibẹ̀ ni Bunrye wá bá a.

"Ìyá Dongha! Ṣé ẹyin lo yé sínú ìkòkò ni, tó o fi ń sàba lé e?"

"Mò ń sinmi ni."

"Ìsinmi wo? Àná náà ńkọ́? Mo rí ẹ láti ojú fèrèsé. Wo bójú ẹ ṣe wọnú. Dìde ńbẹ̀ jàre, ó ní nǹkan tó ò ń dá jẹ."

"Bunrye, máa lọ sílé ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀bẹ̀ ló bà á jẹ́, torí Kapsun kì í bẹ̀bẹ̀. Bunrye fi ìdí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó yí òkúta dànù, ó ti orí bọ inú ìkòkò. "Òfìfo rèé," ohùn rẹ̀ ń dún nínú ìkòkò. "Kí lo wá ń ṣọ́…" Ó dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nígbà tó fi máa yọ orí, ó ti fi í gbá ẹnu ìkòkò, ewé kímchì kan sì lẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Yéè! Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé abẹ́ ilé wa!"

"Má lọ." Kapsun dì í láṣọ mú. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ rò ó."

"Ká ro kí ni? Tu mí sílẹ̀!" Bunrye wá dúró. Ó wo òkúta, ó wo ọmọrí, ó wo ojú Kapsun. "O ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀," ó wí. "Gbogbo ọjọ́ tó o fi jókòó síbí, o ti gbọ́ ọ."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé, Bunrye ò rí àwàdà ṣe. Ó fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó wá sáré gba ọ̀nà géètì lọ.

Ọjọ́ ò tí ì kan àtàrí tí ọkọ̀ sójà fi kún ojúlé. Ọ̀gá wọn, tó ń jẹ́ Pyo, jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí ẹnu rẹ̀ tutù. Obìnrin kan tí kì í ṣe sójà wà pẹ̀lú wọn, Ryu Haein, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán inú ilẹ̀. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ohun tí wọ́n ń pè ní etí: irin kéékèèké ẹlẹ́nu ṣóńṣó, tí wáyà so wọ́n pọ̀. Wọ́n gbìn wọ́n ní ìlà ìlà láti ẹnu ọ̀nà, gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, dé oko ata, àfi bí ẹni ń gbin ìrẹsì. Ọkùnrin kan á wá fi òòlù ńlá lu irin pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, gbàmù! Gbogbo etí á gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á gbà á sílẹ̀. Wọ́n á sún irin síwájú, wọ́n á tún lù ú.

Gbogbo gbàmù ló ń bá Kapsun láyà. Ilé rẹ̀ ni wọ́n fi Haein wọ̀ sí, nígbà tó sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra.

"Ọmọ mi, kí lẹ ń lù ú bẹ́ẹ̀ fún? Tí ẹni tó wà níbẹ̀ bá dá yín lóhùn ńkọ́?"

Haein rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ti sán?"

"Màá fi ìka gbá a. Tí ohùn ẹ̀ bá ti yàtọ̀, mi ò rà á."

"Ohun tá à ń ṣe náà nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá le, ìró á yára gbà á kọjá. Bí ibì kan bá ṣófo, ìró á yí i po, á pẹ́ kó tó dé. Kọ̀ǹpútà máa ṣírò gbogbo ẹ̀, á ya ohun tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni mo wí o, Màmá. Àwòrán tó bá ìró kan mu lè ju ẹyọ kan lọ. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn."

Lọ́jọ́ kejì, Haein ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ tó wà lábúlé. Wọ́n pa ẹ̀rọ oko, wọ́n pa ẹ̀rọ ìlọ̀. Ìró náà ṣì ń kàn. Nígbà tí wọ́n pa pọ́ǹpù tí Bunrye fi ń fa omi sóko ìrẹsì, ó dákẹ́. Wọ́n tàn án padà: kù. Wọ́n pa á: kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ gbà mí o!" Bunrye ṣubú lulẹ̀, ẹ̀rín ló ń pa á. "Èmi ni mo gbẹ́ ihò wá bá yín! Ọ̀gá sójà, ẹ wá mú mi!"

Kapsun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Pọ́ǹpù! Pọ́ǹpù lásán! Ó wọ ilé ìdáná, ó se ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà, ó bù ún fún gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́. Haein nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní, "ilé Màmá Bunrye ló sún mọ́ pọ́ǹpù yẹn jù. Mo ti gbé etí síbẹ̀, ìró ẹ̀ ò tó nǹkan. Kí ló dé tó fi wá ń dún tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tiyín?"

Ṣíbí Kapsun dúró láàárín abọ́ àti ẹnu.

Haein yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ilẹ̀ líle, ayé balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ ẹ̀yìnkùlé, lẹ́bàá ibi tí ìkòkò wà, nǹkan kan wà tó pupa fòò.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ kùn ún ní pupa?" Kapsun ti dìde. "Ta ló sọ fún yín? Ṣé Bunrye ni?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan fún mi, Màmá. Àwọ̀ lásán ni. Ibi tó bá ṣófo ni kọ̀ǹpútà ń fi pupa kùn." Haein ò mọ ohun tó ṣe, ṣùgbọ́n ó rí ojú ìyá yẹn. Ó tẹ nǹkan, pupa náà di àwọ̀ ewé. "Ẹ wò ó, ó ti kúrò."

Àwọ̀ ló kúrò. Ohun náà ṣì wà níbẹ̀, ibi òfìfo tó ń gbé ìró pọ́ǹpù sókè. Ó jìn tó èèyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Haein ní ihò àwọn ará àríwá máa ń jìn ju ìyẹn lọ fíìfíì, àmọ́ ihò tó bá jìn gbọ́dọ̀ gòkè wá síbì kan kí ọmọ ogun tó lè jáde. Ó lè jẹ́ ẹnu ihò nìyẹn. Ó lè má jẹ́ ẹ. Wọ́n ní láti gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó mọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá Pyo bọ́ bàtà, tó wọlé, tó kúnlẹ̀ síwájú Kapsun bí ọmọ gidi.

"Màmá, Seok ni orúkọ ilé bàbá yín, àbí? Seok Manbok?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo lẹ gbúròó wọn gbẹ̀yìn?"

"Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà."

"Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbọ́ ìró tẹ́ ẹ ò wá sọ?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ta ni, Màmá?"

Kí ni kó sọ? Ẹ̀rù yín ni? Ẹ̀rù bàbá òun ni? Ọ̀gá Pyo dúró de ìdáhùn, nígbà tí kò rí i, ó tẹríba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò lábúlé," ó ní. Ìbá jágbe mọ́ ọn, ìbá sàn. Ọlọ́pàá tó wá mú aládùúgbò ìyá rẹ̀ láyé ijọ́un náà tẹríba kó tó mú un lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ, àwọn agbẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹní síwájú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n gbé orí ẹlẹ́dẹ̀ bíbọ̀ sórí tábìlì kékeré, wọ́n to àkàrà ìrẹsì tì í, wọ́n bu ọtí ìrẹsì sínú abọ́. Agbẹ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í ki irin bọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ gáfárà, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ológun. Olórí wọn, tó ń jẹ́ Maeng, fi ọwọ́ méjèèjì na abọ́ sí Kapsun.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ nilẹ̀. Ẹ bá wa dà á sílẹ̀."

Kapsun gba abọ́. Ohun tó yẹ kó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n ọtí tí obìnrin bíi tirẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹni tó ti kú ló ń dà á fún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ọjọ́ tí bàbá wọn kú. Lọ́dọọdún wọ́n ń sè, wọ́n ń da ọtí, wọ́n ń sunkún díẹ̀, wọ́n ń jẹun. Òun ò da ẹ̀kán kan rí. Wọn ò sọ fún un pé bàbá kú, wọ́n ní ó lọ ni. Bí ó bá da ọtí yìí, òun ló pa á yẹn. Bí kò bá sì kú, bó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tòun ti àwọn tó ń mú bọ̀ ńkọ́? Ṣé ọtí ni òun á fi kí wọn káàbọ̀ lójú gbogbo ayé? Ó gbójú sókè, ó rí i pé ọ̀gá Pyo ń wo òun. Abọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fọ́.

"Kò séwu, kò séwu," Maeng sáré wí. "Ilẹ̀ ti mu ún náà nìyẹn." Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé orí ẹlẹ́dẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ tinútinú.

Wọ́n kó àwọn ará abúlé jìnnà. Àwọn sójà dọ̀bálẹ̀ sórí òrùlé Kapsun àti lẹ́yìn àwọn àpò iyanrìn, gbogbo ìbọn dojú kọ ibì kan tí kò tóbi ju ọmọrí ìkòkò lọ. Kapsun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Haein, lẹ́yìn àpò iyanrìn. Ó lè jẹ́ torí pé òun ló nilé. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀gá Pyo ò fẹ́ kó jìnnà sóun.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, abọ́ ń dún nínú ilé ìdáná. Kapsun fi ọwọ́ bo etí, ó di ojú, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Haein gbọ́ ọ, ó rò pé àdúrà ni.

"Bàbá, ẹ má jáde," ni Kapsun ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀. Ẹ má jáde lójú wọn."

Lójijì, ohùn ẹ̀rọ yí padà. Irin ò rí nǹkan jẹ mọ́, ó ń yí lásán. Maeng gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pa á. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ẹ̀. Àwọn sójà kọ́ ìbọn, kẹ́kẹ́kẹ́, láti òrùlé dé ilẹ̀. Omi gbóná ṣàn wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ Kapsun, ojú ò sì tì í.

Wọ́n fa irin jáde. Kò sí ohùn, kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó yọjú. Òórùn erùpẹ̀ àtijọ́ ló fẹ́ jáde. Wọ́n fi páìpù gún un, Haein so kámẹ́rà oníná mọ́ okùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn kóra jọ sídìí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ pa ìbọn yín mọ́," ọ̀gá Pyo wí jẹ́jẹ́.

Haein yíjú. "Màmá, ẹ wá. Ọ̀gá, ilé wọn ni, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Kapsun débẹ̀ ni. Yàrá kékeré kan ló rí, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n fi igi tì lórí. Ìdajì òrùlé rẹ̀ ti wó. Ìkòkò mẹ́ta tò sí ẹ̀bá ògiri, ọ̀kan ti fọ́. Bó ṣe rí àwọn ìkòkò yẹn ni nǹkan kan ṣí nínú orí rẹ̀: ibi tó ṣókùnkùn, ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lókè, òun jókòó sáàárín ìkòkò, àtẹ́lẹwọ́ ńlá méjì tó ń rùn tábà bo òun létí. Ó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé àlá ni. Kò mọ̀ pé orí ilé bàbá òun gan-an lòun kọ́lé sí.

"Nígbà ogun, gbogbo ilé ló gbẹ́ ibi ìsápamọ́ sí," ni Haein ń wí. "Ìran wa ò mọ̀… Màmá, ẹnìkan wà níbẹ̀. Igi òrùlé ló wó lù wọ́n."

Kámẹ́rà yí. Egungun èèyàn ló sùn síbẹ̀, ó dojú kọ ibi tí àtẹ̀gùn ìjáde wà tẹ́lẹ̀, igi ńlá kan dùbúlẹ̀ lé e lẹ́yìn. Apá kan nà síwájú. Apá kejì ká mọ́ àyà.

"Kí ni nǹkan funfun méjì tó ká apá mọ́ yẹn?" ọ̀gá Pyo béèrè. "Ó jọ abọ́."

"Ó kéré sí abọ́," Haein wí.

"Bàtà mi ni," ni Kapsun wí.

Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe jókòó sójú ọ̀nà lọ́jọ́ ijọ́un, ó di ẹsẹ̀ Haein mú. "Ihò yẹn," ó ní, "ọ̀nà wo ló gbà lọ sí àríwá? Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ṣé ó lọ?"

"Kò lọ ibì kankan, Màmá. Ògiri ló yí i ká."

"Sọ ọ́ sókè."

"Kò lọ ibì kankan!"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́?"

Ọ̀gá Pyo ti ṣí fìlà. "Mo gbọ́, Màmá," ó wí. "Màá sì rí i pé gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ló gbọ́." Bunrye, tí kò sẹ́ni tó lè lé jìnnà, ti rá gba ẹ̀yìn àpò iyanrìn wá. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó dojú bolẹ̀ síwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kapsun ò wò ó. Kò tí ì tó àkókò ìyẹn. Wọ́n bá a pe Dongha ní Busan, ó sọ̀rọ̀ méjì péré fún un pé bàbá òun ò lọ o, pé kó máa bọ̀ nílé. Ó wá dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó rìn lọ síbi tábìlì orí ẹlẹ́dẹ̀, ó mú ìgò ọtí tó ṣẹ́kù. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu páìpù, ó da ọtí náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí títí tó fi gbọ́ tó ń kán sílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ ṣé. Bàtà yẹn ti kéré sí mi báyìí."